Ife tíì màmá yàrá 14

Ọdún 2023 ni mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwa kẹ́rà, ìyẹn àwa tí à ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, ní físà iṣẹ́ ní 2022. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo sì wà láti ìgbà náà.

Ohun tó kọ́kọ́ le fún mi kì í ṣe ìwẹ̀ tàbí ìgbẹ́ kíkó. Orúkọ pípè ni. Ẹni tó ti lé ní 90 ọdún, kí n máa pe orúkọ rẹ̀ gan-an! Bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun nìyẹn, ó wà nínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀. Mo ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ kí n tó pè é. Ó sì wúlò, torí etí rẹ̀ ti di díẹ̀, tí ojú wa bá ṣe déédéé ló ń rí ẹnu mi.

Yàrá 14 ni màmá yìí wà. Àìsàn ìgbàgbé ló ń ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo wọṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, mo yẹ ìwé tí a ń kọ ohun tí wọ́n bá mu sí wò: 200 ml ní aago mẹ́rin, 200 ml ní aago mẹ́fà. Mo wo orí tábìlì. Ife oníke tó ní ọmọrí wà níbẹ̀, ó kún dẹ́nu. Tíì inú rẹ̀ ti tutù, awọ fẹ́lẹ́ ti bò ó lójú. Ètè màmá ti sán, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí àgbo.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí lọ́sàn-án. Èèyàn méjì ní láti wà nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń gbé wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹni méjì bá ti wọ yàrá kan, ta ló kù tó máa dá aago ìpè tí àwọn yòókù ń tẹ̀ lóhùn? Síbẹ̀, irọ́ ni 400 ml yẹn, irọ́ tó lè pa màmá. Àgbàlagbà tí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, ọpọlọ rẹ̀ á túbọ̀ dàrú, á máa ṣubú, àrùn ìtọ̀ á sì ráyè wọlé. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, mo sì kọ ohun tí mo bá sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo bi ọmọ rẹ̀ obìnrin léèrè. (Àwọn ará ilé mi máa ń ní òyìnbó ń ju ìyá wọn nù. Ọmọ yìí kì í pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ.) Ó ní ìyá òun ò fi ike mu tíì rí láyé rẹ̀. Ó bá gbé ife tánganran kan wá, olódòdó, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀fun màmá dáa, kò sí ewu. Mo bu tíì sí i dé ìdajì, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rántí: ọmọńdinrín nà síta, ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì náà, ó mu. Ó gbà wá ní ogún ìṣẹ́jú. Mo kọ 110 ml.

Àwọn CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń yẹ ilé ìtọ́jú wò, wọ́n á sì fi í sí ipò, láti Outstanding (ó ta yọ) títí dé Inadequate (kò kúnjú ìwọ̀n). Tó bá jẹ́ màmá tèmi ni, màá ka àbọ̀ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n màá tún wọ yàrá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá gbé ife wò.

Ọwọ́ ni mo fi ń fọ ife olódòdó yẹn. Mo lẹ bébà mọ́ ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù: «Ti yàrá 14. Ìdajì ni kí ẹ bù. Ẹ dúró tì í.»