Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Yíyan Ètò Ìdarí fún Kọ̀ǹpútà Àkọ́kọ́ Ọmọdé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Agbowó, ní Queen Cinema àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, ẹ mọ ohun tí òbí kọ́kọ́ máa ń bèèrè bí ó bá gbé laptop tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún ọmọ rẹ̀ wá: "Ẹ jọ̀ọ́, Windows wo lẹ máa fi sí i?" Èsì tó rọrùn jù ni kí a dárúkọ Windows kan, kí a ti fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, kí a sì gba owó iṣẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ọmọ tí yóò lo ẹ̀rọ náà, àti ilé tí yóò ti lò ó, ni a ń yan ètò ìdarí (operating system, ètò bíi Windows tó ń darí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ) fún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó kàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ jókòó ti òbí náà, kí ẹ sì bi í léèrè. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ti lè kàwé fúnra rẹ̀? Kí ni wọ́n ń lò níléèwé rẹ̀? Wákàtí mélòó ni iná ń wà ládùúgbò yín lóòjọ́? Ta ni yóò máa ra dátà? Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í sì í bèèrè, ni ti ẹni tí yóò wà nítòsí ọmọ náà nígbà tí nǹkan bá dojú rú. Ọmọ ọdún méje ní Bódìjà, tí ilé wọn ní inverter àti Wi-Fi, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìbàdàn, lè lo ohun tí yóò ṣòro fún ọmọ ọdún méje mìíràn ní Àpáta, bí ó bá jẹ́ pé ìyá rẹ̀ nìkan ni àgbà tó wà nílé, tí ìyá náà kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Làákàyè àwọn ọmọ méjèèjì lè dọ́gba. Ìrànlọ́wọ́ tó yí wọn ká ni kò dọ́gba.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá yẹ ẹ̀rọ wò. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí òbí ń rà fún ọmọ, ThinkPad, Latitude tàbí EliteBook tí iléeṣẹ́ kan ti lò lókè òkun. Ẹ̀rọ tó lágbára ni wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju ohun tí Windows 11 ń béèrè lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft, iléeṣẹ́ tó ni Windows, dá àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) 4GB ó kéré tán, àyè ìpamọ́ 64GB, TPM 2.0 (ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó wà fún ààbò), àti processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) tí Microsoft fọwọ́ sí, èyí tí ó jẹ́ pé láti ìran kẹjọ lọ sókè ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn bí ó bá jẹ́ Intel Core. Bí ẹ bá rí i5-6300U lára ẹ̀rọ, ìran kẹfà ni, kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà tí a lè gbà fi Windows 11 sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n. Ẹ fi í mọ sórí ẹ̀rọ tiyín. Microsoft kò ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe ààbò gbà, àgbà tó mọ iṣẹ́ sì lè bójú tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè bójú tó o.

Ní ti Windows tí a fi crack (ètò tó ń ṣí i láì sanwó àṣẹ) ṣí, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín yékéyéké: ẹ má ṣe fi í sórí kọ̀ǹpútà ọmọdé, bó ti wù kí òbí náà bẹ̀ yín tó. Púpọ̀ nínú àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣí i ló máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì. Bí àlejò bá ní kí onílé so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé lóru, ó yẹ kí onílé fura. Orúkọ ọmọ, fọ́tò rẹ̀, orúkọ iléèwé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé ìyá rẹ̀ ni yóò wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Bí òbí bá sì fẹ́ Windows dandan, ọ̀nà òtítọ́ wà. Láti ìgbà Windows 8 ni àwọn tó ń ṣe laptop ti ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣẹ Windows mọ́ sínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi irú ẹ̀dà tí ẹ̀rọ náà bá wá sí i, Home fún Home, Pro fún Pro, àṣẹ náà yóò ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀ kí ẹ tó sọ fún òbí pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Bí ẹ̀rọ bá ti dàgbà jù fún Windows 11, Linux, ètò ìdarí mìíràn, ni èmi máa ń gbà wọ́n níyànjú láti lò, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń sọ ọ́. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, ọ̀fẹ́ sì ni títí di òní. Oríṣiríṣi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ síwájú òbí. Linux Mint tó: RAM 2GB lè gbé e, 4GB ni yóò sì jẹ́ kí ara tù ú. Bí ẹ bá yọ háàdì dísìkì àtijọ́ kúrò, tí ẹ fi SSD, ibi ìpamọ́ tó yára jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀, òbí náà lè má gbà pé ẹ̀rọ tí òun gbé wá ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé a lè tan Mint láti orí fíláàṣì láì tíì fi í sórí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kàn án níwájú òbí rẹ̀, kí ẹ ṣí Tux Paint, ètò ìyàwòrán ọmọdé, fún un, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. GCompris wà níbẹ̀ pẹ̀lú fún ọmọ ọdún méjì títí dé mẹ́wàá, ó kún fún ìṣirò, lẹ́tà àti eré tó ń kọ́ ọwọ́ ní lílo máòsì. Bí iléèwé bá ń lo Scratch, ètò tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ rántí pé kò sí èyí tí àwọn tó ni ín ṣe fún Linux. Inú browser ni ọmọ yóò ti lò ó, tàbí kí ẹ fi TurboWarp, ètò mìíràn tó ń ṣí iṣẹ́ Scratch, sí i. Fún ilé tí dátà ti wọ́n, ẹ fi Kiwix, ètò tí a fi ń ka ojúewé láì sí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i, kí ẹ gba Wikipedia sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá, kí ọmọ lè máa kà á láì náwó.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe tan òbí jẹ nítorí pé ẹ fẹ́ràn Linux. Microsoft Word kò sí níbẹ̀. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé tí a fi ń rọ́pò rẹ̀, lè ṣí fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtò ojú ìwé lè yí padà, olùkọ́ tí kò mọ̀ lè rò pé ọmọ ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Roblox, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣe ètò kankan fún Linux, ọmọ tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré nínú rẹ̀ yóò sì bèèrè fún un lọ́jọ́ kejì. Bákan náà, bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí tó mọ Linux, oníṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà lè nù ún kúrò pátá, kí ó sì fi crack rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní lè gba ìpè ìyá ọmọ náà nígbà tí ó bá ní ìṣòro, ẹ sọ fún un kí ẹ tó gba owó rẹ̀.

Chromebook, laptop tó ń lo ètò ìdarí Google, náà ti wọ ọjà tòkunbọ̀. Ó rọrùn fún ọmọdé, kì í sì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Gbogbo Chromebook ló ní ọjọ́ tí Google yóò dáwọ́ fífún un ní àtúnṣe dúró, ẹ wá ọjọ́ yẹn kí òbí tó sanwó. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iléèwé tí ó ti lò ó lókè òkun ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wọn, nítorí bí wọn kò bá tíì yọ ọ́, kò ní gbà kí ọmọ wọlé rárá. Ní ti Mac, owó rẹ̀ ga ju ohun tó yẹ kí a fi kọ́ ọmọdé lọ, n kò sì ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ òbí ni yóò sọ pé, "Tó bá wá di ọjọ́ JAMB ńkọ́?" Àníyàn gidi ni, nítorí láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí ìdánwò yẹn ń fẹ́ ni ọwọ́ tí kò gbọ̀n lórí máòsì àti kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì mẹ́jọ ni ọmọ lè fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: A, B, C àti D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà sínú ìdánwò bí ó bá ṣèèṣì tẹ S. Ọmọ tó ti ń tẹ̀wé lórí Mint láti kékeré kò ní bẹ̀rù ìkankan nínú wọn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, iṣẹ́ kan náà ló kù. Ẹ ṣí àyè tirẹ̀ fún ọmọ, kí agbára láti fi ètò tuntun sí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ òbí nìkan. Ẹ fi 1.1.1.3 sí ojú DNS ẹ̀rọ náà (ibi tí ẹ̀rọ ti ń bèèrè àdírẹ́sì ojúewé); ọ̀fẹ́ ni Cloudflare ń ṣe é láti ọdún 2020, ó sì ń dènà ojúewé ìṣekúṣe àti ti ètò apanirun, bí kò tilẹ̀ lè rọ́pò ojú ìyá. Ẹ ṣe gbogbo àtúnṣe tó yẹ kí ẹ̀rọ gbà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó má baà jẹ dátà ìyá tán lálẹ́ ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì sọ fún Windows pé íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń sanwó fún ni ó ń lò.

Ẹ ṣí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó wà nínú Windows, ó sì wà nínú Linux lábẹ́ Nàìjíríà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó ń dùn mí púpọ̀ tí mo bá rí ọmọ Ìbàdàn tó lè ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, tí kò sì lè fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀ nítorí pé oníṣẹ́ kò fi ibi tí ó wà hàn án. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà tẹ orúkọ rẹ̀ tàmìtàmì kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ pe òbí rẹ̀, kí ẹ bèèrè ohun tí ọmọ ń ṣí jù, ohun tí kò ṣí rárá, àti ohun tí ó ń bèèrè fún tí kò rí. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé ètò mìíràn ni yóò bá ọmọ náà mu, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, kí ẹ sì pa á dà.