Táímù-tébù ara ògiri

Èsì GCE àkọ́bí mi jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìṣirò, B3. Ọmọ tí wọ́n ní yóò di púrúǹtù torí pé ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ nílé! Ẹ jẹ́ kí n yọ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kọ́ ọmọ yín nílé, mo ti rí táímù-tébù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: 8:00 ìṣirò, 8:40 Gẹ̀ẹ́sì. Àyà mi já. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Èkíní, ẹ má kó ilé-ìwé wá sílé. Ìgbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní 2020 nítorí Kòrónà la bẹ̀rẹ̀, a ò sì padà mọ́. Mo lẹ táímù-tébù mọ́ ògiri pálọ̀, mo tún ra agogo tí mò ń lù. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbíkẹ́yìn mi ń gbóná, mo pọ̀n ọ́n. NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, omi ò sí nínú táǹkì. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde títí n ó fi lu agogo.

Bàbá ọkọ mi bá wọlé láti Ìlá, tòun ti iṣu mẹ́fà. Ọmọkùnrin mi fẹ́ dìde, ó wojú mi, ó tún jókòó. "Ẹ káàárọ̀ sà," láti orí àga! Kò dọ̀bálẹ̀. Èmi tó yẹ kí n kúnlẹ̀ gba iṣu, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Bàbá wo ògiri, wọ́n wò mí. "Ìyàwó, ṣé ẹ̀kọ́ ilé tí ò ń kọ́ wọn nìyí?"

Wọn ò mu omi. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti wọkọ̀ padà. Kó tó di alẹ́, àbúrò ọkọ mi obìnrin ti gbé e yí ẹbí ká pé mo ti sọ ọmọ wọn di òyìnbó. Ọdún méjì ló fi ń sọ ọ́ níbi ìkómọ gbogbo. Inú mi ò tíì yọ́ sí i tán.

Ohun tó dùn mí jù ni iṣu yẹn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ìdajì àti ìdá mẹ́rin, kò yé àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń gé iṣu Bàbá, ọmọbìnrin mi ní, "Mọ́mì, ẹ tún ìdajì yẹn gé sí méjì. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn, àbí?" Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

Mo ya táímù-tébù náà kúrò. Ìṣirò àti ìwé kíkà nìkan ni kì í yẹ̀ lójúmọ́, ì báà jẹ́ lóru, ì báà jẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Bí àlejò bá dé, àwọn ọmọ á dìde kí i dáadáa.

Ẹ̀kọ́ kejì... Ẹ dákun, wọ́n ti mú iná dé. Ẹ jẹ́ kí n lọ tan pọ́ǹpù omi.