Gólkípà tí wọ́n kọ́kọ́ mú, tí kò rí gólì ṣọ́

Ọ̀rọ̀ kan ló bí mi nínú ní Sátidé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, ló ń ṣọ́ gólì nínú họ́kì orí yìnyín níbí ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, gólì mẹ́fà wọlé mọ́ ọn lọ́wọ́, bàbá ọmọ mìíràn wá ń sọ létí mi pé kó má lọ dà bíi Brian Finley o. Bíi pé ọ̀lẹ ni Finley!

Lóòótọ́, ní 1999 Nashville Predators mú u ní ipò 6 nínú dráfìtì NHL (líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà), ìyẹn ọjọ́ tí àwọn kílọ́ọ̀bù máa ń mú ọmọ tuntun, ọmọ Kánádà ni, Barrie Colts, kílọ́ọ̀bù àwọn ọ̀dọ́, ló ń gbá fún, gbogbo èèyàn ti ń retí pé òun ló máa ṣọ́lé fún wọn títí. Géèmù 4 péré ló gbá ní NHL.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Gólkípà kì í ṣe bíi sítíráíkà. Sítíráíkà ọmọdé lè wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó jáde, kó fi kọ́ iṣẹ́, gólkípà ńkọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dúró níbẹ̀, ìkejì ń jókòó. Kílọ́ọ̀bù 32, gólkípà méjì méjì, ìyẹn 64 èèyàn ní gbogbo NHL. Ẹni tó sì wà níwájú Finley ní Nashville ni Tomas Vokoun, ẹni tí kílọ́ọ̀bù Montreal mú ní ipò 226 ní 1994! Ní sáà 2003-04 Vokoun gbá géèmù 73 nínú 82, ta ló máa yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò torí kí ọmọdé lè dán ọwọ́ wò?

Ara náà tún wà ńbẹ̀. Gólkípà họ́kì máa ń já lu yìnyín lórí orúnkún méjèèjì, á ya ẹsẹ̀ síta, á tún dìde kíá, àìmọye ìgbà nínú géèmù kan, iṣan itan àti ìbàdí ló ń jìyà ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Finley ti fara pa, ó sì jẹ ẹ́ lákòókò gan-an ní ọjọ́ orí tó yẹ kó máa gbá géèmù lójoojúmọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ ọdún 18 ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò tíì pọ́n ni wọ́n ń sọ bó ṣe máa dùn tó. Àwọn ọmọdé bíi tiẹ̀ ló ń gbá pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi igi gbá) sí i nígbà yẹn, tó bá ga tó sì yára, ó ti tó. Àgbà ò ní gbá a bẹ́ẹ̀, àgbà á dúró, á jẹ́ kí gólkípà kọ́kọ́ já lulẹ̀, á wá ti pọ́ọ̀kì fún ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo àwọn gólkípà tí wọn ò kánjú: Ryan Miller, ipò 138 ní 1999 yẹn kan náà, yunifásítì ló lọ, ó gba Vezina, ẹ̀bùn gólkípà tó dára jù ní NHL, ní 2010. Henrik Lundqvist, ipò 205 ní 2000, ilé wọn ní Sweden ló wà títí di 2005. Nashville yìí kan náà sì mú Pekka Rinne ní ipò 258 ní 2004, ó ti pé ọdún 21 nígbà yẹn, òun náà gba Vezina ní 2018.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má fi dráfìtì dẹ́rù ba ọmọ náà. Ká wá kílọ́ọ̀bù tí á máa gbá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kódà kó kéré, torí èyí tó wà báyìí, bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí jù.