Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ajá là, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ ti ń pọ̀ sí i nídìí iṣẹ́ yìí, inú mi sì ń dùn sí i gan-an, àmọ́ ohun kan ń kọ mí lóminú, gbogbo yín lẹ ń wo iṣẹ́ abẹ bí ẹni pé tí ajá bá ti jáde ní tíátà, ó bùṣe. Kò tíì bùṣe rárá. Ilé tí ajá yẹn máa gbé lọ́jọ́ ayé ẹ̀ tó kù niṣẹ́ gan-an, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e lọ fún dókítà ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú un látìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá pè yín pé ajá kan wà níbì kan tí wọ́n pa á tì, ohun tójú yín máa kọ́kọ́ bá ni irun tó ti re, eégbọn tó kún etí, egungun ìhà tẹ́ ẹ lè kà níkọ̀ọ̀kan. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná, kì í sábà jẹ́ òun ló máa pa á lónìí. Ẹ fara balẹ̀ gbé ètè ẹ̀ sókè kẹ́ ẹ wo erìgì ẹ̀, ó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kó sì lómi lára, ẹ wá fìka tẹ̀ ẹ́ títí ibẹ̀ á fi funfun, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 ó yẹ kí àwọ̀ ẹ̀ ti padà. Tí ò bá padà, tàbí tó jẹ́ pé erìgì ti funfun látilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò rìn dáadáa lára ẹ̀ mọ́ nìyẹn, ẹ má dúró ya fọ́tò kankan, ẹ gbé e wọ mọ́tò. (Àwọn ajá kan wà tí erìgì wọn dúdú látọ̀run wá, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò fún irú wọn.) Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ajá, ṣùgbọ́n ajá tí nǹkan ń dùn máa ń gé ọwọ́ tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ jẹ, torí náà ẹ fi aṣọ di ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e, àyàfi tó bá ń bì tàbí tí ò lè mí dáadáa. Kẹ́ ẹ sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tiyín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí rárá. Tó bá gé yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ó di ọ̀dọ̀ dókítà èèyàn, kò sí "ó kéré, á san fúnra ẹ̀" ńbẹ̀.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni abo ajá tí ikùn ẹ̀ wú. Olówó ẹ̀ á ní ó lóyún ni, ẹ má jà sí i o. Ẹ kàn bi wọ́n pé ìgbà wo ló wá akọ kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bíi 4 sí 8, tí ajá náà sì ń mumi ṣáá, tó ń tọ̀ ṣáá, tí ò fẹ́ jẹun, tó kàn ń wò súú, ẹ fura pé ọyún (irú èyí tó ń jáde lójú egbò, kì í ṣe oyún ọmọ) ló kún ilé ọmọ ẹ̀. Nígbà míì wàá rí i tó ń jáde lábẹ́ ìrù ẹ̀, á máa rùn, ajá á máa fi ahọ́n lá ibẹ̀. Nígbà míì kò ní sí nǹkan kan tó máa jáde, ara ẹ̀ mọ́ tónítóní, èyí gan-an ló burú jù torí pé ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ti tì, gbogbo ẹ̀ ń rọ́ jọ sínú, ó sì lè bẹ́ sínú ikùn. Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń yanjú ẹ̀, wọ́n á yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin kúrò pátápátá. Abo ajá tí wọ́n bá ti yọ tiẹ̀ kó tó ṣàìsàn kì í bá ara ẹ̀ nínú wàhálà yìí, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ fáwọn èèyàn. Àìsàn kejì tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ni ti ajá ńlá tí ikùn ẹ̀ le gan bí ìlù, tó ń gbìyànjú láti bì ṣùgbọ́n tí ò sí nǹkan tó ń jáde, àpò oúnjẹ inú ẹ̀ lè ti lọ́ pọ̀, wákàtí díẹ̀ péré lẹ ní.

Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà. Ẹ ń bá wọn jà jù! Tí dókítà bá ní ká jẹ́ kí dírípù kọ́kọ́ wọlé, ká fún un lógùn tó ń pa kòkòrò, ká tó gbé e lọ sí tíátà, kì í ṣe pé kò kánjú, ajá tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò rìn dáadáa lè sùn lọ sábẹ́ oògùn oorun kó má jí mọ́. Ohun tẹ́yin lè ṣe ni kẹ́ ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fún un, títí kan ohun tí ajá náà jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́. Ẹ má fún un ní paracetamol tàbí ibuprofen tinú báàgì yín, oògùn èèyàn yẹn lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì gbé oúnjẹ rẹpẹtẹ síwájú ajá tí ebi ti hàn léèmọ̀ tipẹ́, mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín, ṣùgbọ́n ara tí ò rí oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè dàrú lójijì tí oúnjẹ bá ya wọ inú ẹ̀, kódà ó lè pa á. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, ta ló ni ajá náà? Tí olówó ẹ̀ bá wà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti yọ̀ǹda ẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ara ajá bá ti dá ṣáṣá, ẹ máa rí ẹni tí ò yọjú nígbà tó ń kú lọ táá wá sọ pé ajá òun dà. Owó náà, ẹ béèrè iye tó máa tó lójú dókítà, kẹ́ ẹ fẹnu kò sórí iye tẹ́ ò ní kọjá, kẹ́ ẹ sì jọ sọ ọ́ síta bóyá ẹ máa ní kí dókítà jẹ́ kó sùn lọ, kó má jí mọ́ rárá, tó bá jẹ́ pé nígbà tó ṣí i nínú, kò sí àtúnṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó sàn kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní ìjókòó ju kí dókítà máa pè yín láti tíátà kẹ́ ẹ wá máa bára yín jiyàn lórí fóònù.

Ó wá ku ilé. Ẹni tó máa kọ́kọ́ gbà á sọ́dọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ò ní láti jẹ́ ẹni tó máa mú un títí láé, ibi tó parọ́rọ́ ló ń fẹ́, tí ò ti ní máa fò, tí wọ́n á ti máa yẹ ojú abẹ wò lójoojúmọ́, kọ́là ńlá tí wọ́n fi sí i lọ́rùn kó má bàa lá ojú abẹ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò títí wọ́n á fi yọ okùn tí wọ́n fi rán an, ìyẹn máa ń tó ọjọ́ 10 sí 14. Àkókò yẹn lẹ máa mọ irú ajá tó jẹ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n tú ṣéènì lọ́rùn ẹ̀, àgbàlá ńlá wà níwájú ẹ̀, ibi tí ṣéènì máa ń gùn dé tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń yí po, kò rékọjá ẹ̀. Irú nǹkan báyìí gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sínú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ń wá ilé fún un: ó ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀, ó ń kùn tí wọ́n bá sún mọ́ abọ́ ẹ̀, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ síta. Ẹ ò ní lé ẹni tó yẹ lọ, ẹni tí fọ́tò kàn dùn mọ́ lẹ máa lé.

Èmi o, ẹni tó bá ń sunkún lórí fọ́tò kì í tètè rí ajá gbà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bi mí pé oògùn wo ló ń lò, ta ló máa wà pẹ̀lú ẹ̀ tóun bá rìnrìn àjò, ṣé onílé òun máa gbà, ẹni yẹn ni mo máa ń pè padà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé tí ò bá rọgbọ, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa dá a padà sí, kì í ṣe ojú títì, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìbátan kan. Tí wọ́n bá sì pè yín lẹ́yìn oṣù kan pé àwọn ò lè ṣe é mọ́, ẹ má bú wọn, ẹ bi wọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ gbé mọ́tò lọ mú ajá yín.