Kí ọmọ tó ti ibi ìtọ́jú oògùn olóró dé, ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ẹ̀kọ́ tó pẹ́ kó tó yé mi nìyí: ọmọ ló lọ gba ìtọ́jú, ilé ò lọ. Ariwo bàbá àti ìyá tó fi sílẹ̀ náà ló ń padà wá bá. Ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé niṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tú gbogbo ilé, kì í ṣe yàrá ọmọ nìkan. Oògùn oríkèé ríro bàbá àgbà, oògùn ikọ́, oògùn oorun, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́, kó sì máa ka hóró tó kù lálaalẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Ara tó ti sinmi oògùn olóró kò lè gbé ohun tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n tí ọmọ ń lò kó tó lọ lè pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tramadol, oògùn ìrora, oní mílígíráàmù 225 tí wọ́n ń tà nígboro ju ìlọ́po méjì oní 100 tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, fọwọ́ sí lọ, ó sì lè fa gìrì. Bí ẹ bá pè é tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tó ń hanrun bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tí ètè rẹ̀ ṣú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu láéláé! Ẹni tí kò mọ ara kò lè gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró ló máa wọ̀. Ẹ sì sọ ohun tó lò fún dókítà, ẹ má bò ó.

Ó ku ìjà ilé. Mi ò ní tàn yín pé tọkọtaya tó ti ń jà láti ọjọ́ pípẹ́ á jáwọ́ nítorí ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ní ibi tó máa sá sí. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá bá wà ní Tanke ní Ìlọrin, ẹ ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Bó bá dé lóru, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ má bi í ní nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi mọ́." Aṣọ méjì àti oògùn tí dókítà kọ fún un á ti wà nínú báàgì. Ẹ wá ọlọ́kadà kan tí ẹ mọ̀, kí ẹ̀gbọ́n ìyá san owó rẹ̀ tí wọ́n bá dé. Owó kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ ní oṣù àkọ́kọ́.

Nínú agboolé, gbogbo èèyàn ló máa wá kí i. Ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan: "Ara mi ò yá tẹ́lẹ̀, ó ti ń yá." Kò jẹ ẹnikẹ́ni lálàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí inú bá bí yín, ẹ má pè é ní amugbó. Lójú tèmi, èébú yẹn ń yára dá ọmọ padà sídìí oògùn olóró ju owó lọ.

Kí ààfáà máa ṣàdúrà, ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí ẹ dá oògùn dókítà dúró, tàbí kí ẹ de ọmọ mọ́lẹ̀, ẹ má gbà fún un.

Nọ́ńbà NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ni 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti máa rí i.