Ọ̀rọ̀ "Díẹ̀", Bíréèkì Píjò Àtijọ́ àti Owó Ìtanràn Ọtí

Ìlọrin, Ọjọ́ Ajé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì ni "díẹ̀". Àbúrò ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí a tó jáde nílé, ọmọkùnrin tó ń ta páàtì ọkọ̀ tún un sọ ní òpópónà Táíwò, nígbà tó sì di ọ̀sán, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì mi sọ ọ́ pẹ̀lú fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin lọ́wọ́. Bí mo ṣe jókòó kọ̀wé yìí, ìwé ìtanràn kan wà lórí tábìlì mi, èyí tí àbúrò ní kí n bá òun fi pamọ́ kí ẹ̀gbọ́n òun má baà rí i. Páàdì bíréèkì kan tó ti jẹ tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àbúrò yìí lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Ó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, ó ń wá sí apá Ìdọ̀fíàn, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá a dúró. Wọ́n béèrè ìwé ọkọ̀, ó pé. Wọ́n yẹ táyà wò, kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó la ẹnu láti dá wọn lóhùn, òórùn ẹnu rẹ̀ ti rojọ́ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní kí ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan, iye tí ẹ̀rọ náà gbé jáde sì ju ti òfin lọ. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn fún un, wọn kò sì jẹ́ kí ó jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń bọ̀, tí kì í fẹnu kan ọtí, ló wa Golf rẹ̀ dé Ìlọrin. Ní àárọ̀ yìí, mo bi í pé báwo ni ohun tí ó mu ti pọ̀ tó. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, díẹ̀ ni." Mo ní kí ó ka díẹ̀ náà fún mi kí n gbọ́. Ìgò bíà ńlá méjì ni, àti ife ẹmu tí wọ́n fi kí wọn káàbọ̀. Nígbà tí mo tún bi í léèrè, ó rántí ọtí inú ọ̀rá kan tí òun àti ọkọ ìyàwó jọ pín mu kí wọ́n tó bọ́ sí ojú agbo.

Òṣùwọ̀n tí òfin ìrìnnà wa fàyè gbà ni mílígíráàmù 50 ọtí nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ bíi 0.05. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu kò fa ẹ̀jẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá ni ọtí inú rẹ̀ ń bá èémí jáde, ìdí nìyẹn tí èémí fi ń tú àṣírí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá jẹ obì tàbí orógbó lé ọtí lórí, ẹnu lásán ló ń tọ́jú. Àbúrò mi gbà pé omi tútù àti àmàlà tí òun jẹ kí òun tó kúrò níbẹ̀ ti fọ ọtí náà kúrò lára òun. Ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó lè kán an lójú: lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, bíi 0.015 ni ó ń mú kúrò láàárín wákàtí kan. Ẹni tí ọtí ara rẹ̀ bá ti dé 0.09 yóò lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kí ó tó tán pátápátá, yálà ó sùn ni o, tàbí ó da omi sórí. Mo ro ti àwọn tó ń jó mọ́jú Àìkú, tí wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ pé ojú àwọn ti dá.

Ìjìyà tó wà nínú ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ fún ẹni tó fi ọtí tàbí oògùn wakọ̀ ni ₦5,000 àti àmì 5 tí wọn yóò kọ sí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sí báńkì láti san án, àbúrò mi fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó páàdì bíréèkì tí ẹ fẹ́ lọ rà ju ìtanràn mi lọ." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni, ₦18,000 ni mo fi sápò fún páàdì náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ẹni tí kò de bẹ́líìtì ń san ₦2,000, ẹni tí táyà rẹ̀ ti dán tàbí tí kò ní táyà àfipamọ́ ń san ₦3,000. Èyí túmọ̀ sí pé ₦2,000 péré ni ọtí fi ju táyà tó dán lọ. Nínú ìwé kan náà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní ìwàkuwà tó lè pa ènìyàn yóò san ₦50,000, yóò sì gba àmì 10. Kí wá ni ọtí jẹ́ tí kì í ṣe ìwàkuwà?

Àwọn àmì náà ni mo ní kí ó bẹ̀rù. Bí wọ́n bá pé 10 sí 14, wọn yóò kìlọ̀ fún awakọ̀. Bí wọ́n bá wà láàárín 15 sí 20, wọn yóò dá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ dúró fún ìgbà kan. Bí wọ́n bá tó 21, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti dé 15. Ọkùnrin yìí ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ọjà láti Ọ̀ffà wá sí Ìlọrin, kò ní ọ̀nà oúnjẹ mìíràn. Ọ̀rọ̀ àmì yìí ló pa ẹ̀rín rẹ̀.

Mo sọ fún un nípa ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òṣùwọ̀n tiwọn ní England àti Wales ga ju tiwa lọ, 0.08 ni; ní Scotland ni wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 0.05 ní oṣù kejìlá ọdún 2014. Síbẹ̀, ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ní England àti Wales pé ó fi ọtí wakọ̀ yóò gbé oṣù 12, ó kéré tán, láìwakọ̀. Wọ́n lè fi í sẹ́wọ̀n fún oṣù mẹ́fà, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì ní gbèdéke. Bí ènìyàn bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, òṣùwọ̀n tiwa le ju tiwọn lọ, ìjìyà tiwa ló rọ̀ bí ẹ̀kọ. Òfin tó mọ ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀, tó wá fi ₦5,000 dí i, èmi kò mọ orúkọ tí màá pè é.

Bàbá mi kò pe àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ní Road Safety títí ó fi kú. "Màjàmájà" ló ń pè wọ́n, orúkọ tí àwọn ènìyàn fún ẹgbẹ́ tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988 tí Wole Soyinka sì di alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò mutí, kò sì sáré, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, yóò tún jókòó dáadáa bí ọmọ ilé ìwé. Ọkọ̀ rẹ̀ ni mo ń tún ṣe, Peugeot 504 GR tó rà ní tuntun ní 1983. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dẹ́kun ṣíṣe irú sálúùnù yìí ní Faransé, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ń tò ó títí di 2006. Ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀ kò fi tíì pòórá lọ́jà wa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó pọ̀ ní oríṣi: àwọn kan ní dísìkì (irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún mú) ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àwọn mìíràn ní dúrọ́ọ̀mù tó rí bí ìkòkò, Peugeot 505, tó jáde ní 1979, sì jogún ọ̀pọ̀ nǹkan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo. Ẹni tó bá wọ ọjà tó kàn ní "páàdì Píjò" ni wọ́n ń tà, kì í ṣe páàdì.

Ní Táíwò, mo tú páàdì àtijọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn tí mo fi wé e. Irú mẹ́ta ni wọ́n máa ń tà fún ènìyàn níbẹ̀: orígínà, bẹ́líjọ̀mù tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun rí, àti Táíwàn, ìyẹn àfarawé. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ní Táíwò ni a ti ń ra Táíwàn.) Èmi kì í bínú sí bẹ́líjọ̀mù, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, gíláàsì, kódà gíábọ́ọ̀sì, mo lè rà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fi ara rẹ̀ jẹ kí ọkọ̀ lè dúró, n kò ní ra àjẹkù ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin náà gbé tuntun kan wá nínú páálí. Mo gbé e lé èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣe déédéé. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, etí irin rẹ̀ yọ jáde tó bí igi ìṣáná, ihò tí pín-ìn-nì ń gbà wọlé kò sì kojú ara wọn. Mo fi hàn án. Ó ní, "Bàbá, Píjò ni Píjò, díẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé bí kò bá wọlé, màá dá a padà.

Kò wọlé. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ti gbé iwájú ọkọ̀ sórí jáàkì, ó tì í títí, ó fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ mú fáìlì. "Tíṣà, díẹ̀ ló kù kó wọlé." Ọ̀gá rẹ̀, tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì kan, gbọ́ ìró fáìlì náà kí èmi tó sọ̀rọ̀, ó sì fà á yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá a wí. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti pẹtiróòlù fọ kálípà, irin tó di páàdì mú, títí gíríìsì ọdún gbọọrọ fi ṣí, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì hàn lára irin. Ó ní kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe kálípà fún ọkọ̀ yìí, páàdì ti ọ̀kan kì í sì í bá èkejì mu. Bí a bá fi fáìlì há a wọlé, bóyá yóò há mọ́ dísìkì, yóò máa gbóná lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnìkan tẹ bíréèkì. Bóyá yóò sì máa ṣe gọ́dọ́gọ́dọ́, kí ó wá yẹ̀ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀. Mo kọ orúkọ náà sí ẹ̀yìn páálí, mo padà sí Táíwò. Èyí tí mo gbé dé lẹ́ẹ̀kejì, àtàǹpàkò ni ọmọ náà fi tì í wọlé.

A ní kí àbúrò mi máa tẹ bíréèkì kí wọ́n lè lé atẹ́gùn inú páìpù bíréèkì jáde. Ó jókòó sórí àga bàbá mi, ọmọ iṣẹ́ náà ń pè é láti ìsàlẹ̀: "Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Fi sílẹ̀." Ọ́ílì bíréèkì àtijọ́ dúdú bí omi ẹ̀kúkù, ó ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú ìgò, ìfófòó sì ń bá a jáde. Ọ̀gá ní ọ́ílì náà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pé bí bíréèkì bá gbóná, omi náà yóò hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì rì bí ẹni tó tẹ tìmùtìmù. Àbúrò mi dì í mú nígbà kan, ó pẹ́ kí ó tó fi sílẹ̀, ọmọ náà sì pariwo mọ́ ọn. Níbẹ̀ ni mo ṣe ìṣirò kan fún un: ẹni tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọtí bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ọkọ̀ yóò ti lọ tó gígùn Píjò yìí márùn-ún kí páàdì tó kan dísìkì rárá, ì báà jẹ́ orígínà. Ó yọjú láti fèrèsé, ó wo gígùn ọkọ̀ náà láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù. Kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́rin, bíréèkì ti ga, ó sì ti le. Mo na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá kò fún mi. Ó tọ́ka sí rọ́bà bíréèkì iwájú lápá ọ̀tún, tó ti sán wẹ́wẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà, ó ní Ọjọ́bọ̀ ni òun máa rí èyí tó bá a mu. Mo ní kí ó ṣàánú mi, kí n kàn gbé e dé Gáà-Akanbí, pé ọ̀nà náà kò jìn, díẹ̀ ni.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé.