ABBA Kí Wọ́n Tó Máa Jẹ́ ABBA: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Àwọn Àwo Kékeré Wọn Mọ̀

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará wa. Nínú àpótí àwo tí àwọn àgbà kó sílẹ̀ ní Kàbà, ní Ìyàrá, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ti ABBA, ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin láti Sweden. Àwo ńlá ni yóò sábà jẹ́, ti ìgbà "Dancing Queen" ní 1976 tàbí "Chiquitita" ní 1979, nígbà tí ayé ti gbà fún wọn. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kéré sí ìyẹn: àwo tó ní orin méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí wọ́n ṣe láàárín 1970 sí 1973. Àwọn èèyàn máa ń fò wọ́n dá nítorí pé orúkọ ABBA ni wọ́n ń wá. Lára àwọn tí iléeṣẹ́ Polar tẹ̀ ní Sweden lásìkò náà, ẹ kò ní rí orúkọ yẹn rárá. Orúkọ èèyàn lẹ ó rí: Björn, Benny, Agnetha, Anni-Frid.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń to orúkọ bẹ́ẹ̀? Olórin tó ti lókìkí ni olúkúlùkù wọn ní Sweden kí wọ́n tó parapọ̀. Benny Andersson ló ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ olórin Hep Stars. Björn Ulvaeus wà nínú ẹgbẹ́ Hootenanny Singers. Ọdún 1966 ni àwọn méjèèjì pàdé, wọn ò sì pẹ́ kí wọ́n tó jọ kọ orin. Stig Anderson, ọ̀kan lára àwọn tó dá Polar sílẹ̀, ni máníjà wọn. Agnetha Fältskog ní àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ àwo Cupol, Anni-Frid Lyngstad wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ EMI kó tó wá sí Polar ní 1972. Ẹni tó ń ra àwo nígbà náà mọ olúkúlùkù wọn, kò mọ ẹgbẹ́ kankan. Títo orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú bébà àárín àwo ló lè mú kí àwo náà tà.

Èyí tó pẹ́ jù tó yẹ kí ẹ wá ni "She's My Kind of Girl", ọdún 1970, orúkọ Björn àti Benny nìkan ló wà lára rẹ̀. Fíìmù kan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ní 1972 ó ṣàdédé wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Japan, nígbà tí ibi tó kù ní Yúróòpù kò tíì mọ̀ wọ́n. Ọdún 1970 náà ni "Hej, gamle man!" jáde, orin nípa àgbàlagbà kan tó ń sìn nínú ìjọ Salvation Army. Orúkọ ọkùnrin méjèèjì ló wà lára bébà, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ègbè rẹ̀ dáadáa: Agnetha àti Anni-Frid ló ń gbè é. Lójú tiwa, ibí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 1972 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dárúkọ. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú àwo kan náà, ẹnikẹ́ni kò wulẹ̀ tíì fún un lórúkọ ni.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1972 ni wọ́n gba ohùn "People Need Love" sílẹ̀ ní sítúdíò Metronome ní Stockholm. Ó jáde ní oṣù Kẹfà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni POS 1156. "Merry-Go-Round" ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin á kọ tiwọn, obìnrin á gbà á, gbogbo wọn á jọ gbè é. Nígbà tó bá ń parí lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ká ohùn bíi ti àwọn darandaran orí òkè Alps. Ó dé ipò 17 ní Sweden. Playboy Records ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sì kọ sójú bébà níbẹ̀ ni "Björn & Benny (with Svenska Flicka)". Àwọn obìnrin náà kò tilẹ̀ ní orúkọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni orin náà gbára lé. Ipò 114 ló dé lórí àtẹ ìwé ìròyìn Cash Box, ibẹ̀ ló sì parí sí. Tí ẹ bá rí ti Amẹ́ríkà yìí, ẹ fọwọ́ pọ́n ọn.

Ní ìparí ọdún kan náà, "He Is Your Brother" jáde, "Santa Rosa" wà lẹ́yìn rẹ̀. Orin ẹ̀yìn yìí ni wọ́n gbé lọ sí ìdíje orin Yamaha ní Tokyo ní oṣù Kọkànlá 1972. "Love Isn't Easy" ti 1973 kò burú, kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń kó wọn jọ pé pérépéré nìkan ló yẹ kó náwó lé e.

"Ring Ring" ló yí ohun gbogbo padà. Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1973 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, Metronome náà ni. Michael B. Tretow ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ó ti ka ìwé nípa Phil Spector ti Amẹ́ríkà, ẹni tó máa ń kó olórin rẹpẹtẹ sínú yàrá kan kí orin rẹ̀ lè kún. Kò sówó irú ìyẹn ní Sweden. Ohun tí Tretow ṣe ni pé ó ní kí ìwọ̀nba olórin tó wà níbẹ̀, Ola Brunkert nídìí ìlù, Rutger Gunnarsson lórí béèsì, Janne Schaffer lórí gìtá, ta orin náà lẹ́ẹ̀kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí. Kí wọ́n tó ta ìkejì, ó yí eré téèpù padà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá téèpù padà sí eré rẹ̀, ohùn ìkejì kò bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba pátápátá: irun orí lásán ló wà láàárín wọn. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló ń mú kí etí gbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níbi tí èèyàn díẹ̀ wà. Tí wọ́n bá yí i jù, orin á ta kora wọn, á dà bí ìgbà tí gìtá kò tíì wà ní ohùn. Tí wọn ò bá yí i rárá, á kàn dún sókè sí i, kò ní fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé "People Need Love" sí i, kí ẹ gbé "Ring Ring" tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín kí ẹ tó mọ̀.

Wọ́n gbé orin náà lọ sí ìdíje Melodifestivalen ní 10 oṣù Kejì, kí wọ́n lè ṣojú Sweden ní Eurovision, ìdíje orin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ipò kẹta ni wọ́n fún wọn. Oyún Agnetha ti tó bí nígbà náà. 23 oṣù yẹn ló bí Linda. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra àwo kò bá àwọn adájọ́ dọ́gba. Ti èdè Sweden, POS 1171, gba ipò kìíní. Ti Gẹ̀ẹ́sì, POS 1172, gba ipò kejì. Neil Sedaka àti Phil Cody ló kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rà nìyí. Lẹ́ẹ̀mejì ni iléeṣẹ́ Epic gbé "Ring Ring" jáde ní Ìlú Ọba, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwo òyìnbó tó wọ ilé wa ti wá. Èyí àkọ́kọ́, nọ́ńbà 1793, jáde ní oṣù Kẹwàá 1973, kò wọ àtẹ rárá. Ìkejì, nọ́ńbà 2452, jáde ní 1974 lẹ́yìn tí wọ́n ti gba Eurovision, ó sì dé ipò 32. Orin inú wọn kò rí bákan náà: wọ́n fi fèrè saksofóònù kún ti 1974, gìtá rẹ̀ sì le jù. Tí bébà àárín bá ti ya tàbí tí ikán ti jẹ ẹ́, etí ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá gbọ́ fèrè, ti 1974 ni. Ẹ sì tún wo ibi dídán tó yí bébà ká, níbi tí abẹ́rẹ́ máa ń parí sí. Wọ́n máa ń fín nọ́ńbà síbẹ̀. Ẹni tó ń tajà lè lẹ bébà mìíràn mọ́ àwo, kò lè pa ohun tí wọ́n fín rẹ́.

Ó kù kí ẹ gbọ́ ọ. Eré 45 ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé wọ́n ń yípo nígbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan, àwo ti Amẹ́ríkà sì ní ihò ńlá láàárín, nítorí náà ẹ nílò ike kékeré tó ń dí i. Ẹ má fi bébà dí i: tí ihò kò bá wà ní àárín gan-an, ohùn á máa lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yípo, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ Tretow àti èyí tó jẹ́ ti ihò.

Wàhálà tó pọ̀ jù ni eré. Ṣéńjà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń lu àwo, ti àtijọ́ tó ní mọ́tò AC máa ń tẹ̀ lé ìgbì iná, ìyẹn fírikúẹ́ńsì. Ti Nàìjíríà jẹ́ 50, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Tí ẹnì kan bá gbé ṣéńjà bọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí ẹ fi tiransifọ́mà sọ 230 fólítì di 120, fólítì nìkan lẹ tún ṣe. Mọ́tò á máa yí ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀: 45 á di 37 àti ààbọ̀, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta á gba ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 36, ohùn Agnetha á sì wúwo bíi ti ọkùnrin. Ẹ lẹ bébà pélébé mọ́ etí àwo, kí ẹ ka iye ìgbà tó kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó gbọ́dọ̀ pé 45.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ní tirẹ̀. Tí ẹrù orí rẹ̀ bá fúyẹ́, ó lè sáré kọjá 50. Bí fíríìjì bá gbá mọ́ ọn lójijì, ó lè lọ sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gba orin náà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ yọ fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù kúrò kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní mọ́tò DC kò ní wàhálà yìí.

Ẹ wo irú orí tó gbé abẹ́rẹ́ náà. Ti mágnẹ́ẹ̀tì kò lágbára, ó nílò ẹ̀rọ phono tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè kó tó wọ ámpù. Tí ẹ bá so ó tààrà, orin á jìnnà, béèsì á sì pòórá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwo ló ti jẹ nígbà tí ohùn bá rí bẹ́ẹ̀. Àwo kò ṣe nǹkan kan.

Ní ti fífọ̀ rẹ̀, omi kànga àti bọ̀húù kò dára. Èròjà inú omi náà á gbẹ sínú ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́, á sì máa ta pá-pá-pá. Ohun tí ẹ nílò ni omi dísítíìdì (distilled water) ààbọ̀ lítà, ọṣẹ ìfọbọ́ olómi ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta, aṣọ rírọ̀ tí kò já owú. Ẹ nù ún yípo bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ, ẹ má nù ún gba ìlà kọjá, ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà. Ẹ fi omi dísítíìdì lásán ṣan án, kí ẹ gbé e dúró kó gbẹ níbi òjìji. Àwọn kan máa ń ra omi bátìrì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí wọ́n ń ta ásíìdì náà nínú ike tó jọ ọ́. Kẹrosíìnì àti tínà máa ń ba àwo jẹ́, ẹni yòówù kó sọ fún yín pé ó ń mú kó dán.

Lásìkò ọyẹ́, aṣọ gbígbẹ á mú kí àwo máa fa eruku mọ́ra, torí náà ẹ jẹ́ kí aṣọ náà tutù díẹ̀. Òòrùn ló léwu jù. Ike àwo máa ń rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 60 Celsius, ó sì rọrùn kí inú ọkọ̀ tí a gbé sójú òòrùn tàbí àjà abẹ́ páànù gbóná débẹ̀. Ẹ gbé wọn dúró gbọngbọn, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn.

Tí ẹ bá ń gbà á sínú kọ̀ǹpútà, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Audacity tó, ẹ sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi sí 44100 Hz, ẹ má jẹ́ kí ohùn kọjá -6 dB, ẹ fi WAV pa á mọ́ ná kí ẹ tó ṣe MP3. Bí ṣéńjà Amẹ́ríkà lẹ lò, ẹ lọ sí Change Speed and Pitch (Change Speed ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), kí ẹ kọ 20 sí ibi ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ má lo Change Tempo: ìyẹn á mú orin yára, á sì fi ohùn wúwo náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Orúkọ ABBA gan-an, ọdún 1973 ni Stig Anderson bẹ̀rẹ̀ sí í fi pè wọ́n, láti inú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ olúkúlùkù. Iléeṣẹ́ ẹja inú agolo kan ti ń jẹ́ ẹ ní Sweden tipẹ́, ó sì ní láti gbàyè lọ́wọ́ wọn. "Waterloo" ti 1974 ni àwo kékeré àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ náà gbé jáde, òun náà ló gba Eurovision ní Brighton ní 6 oṣù Kẹrin.

Ẹni tí kò ní ṣéńjà lè wá CD "Ring Ring" tí wọ́n tún ṣe ní 2001. "She's My Kind of Girl" àti "People Need Love" wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì fi "Merry-Go-Round", "Santa Rosa" àti "Ring Ring" ti èdè Sweden kún ìparí rẹ̀. "Hej, gamle man!" kò sí níbẹ̀. Ìyẹn, àfi kí ẹ wá àwo rẹ̀.